Làtíífàt àti Ìwé Kábọ́ì Ọkọ Rẹ̀

Ní àdúgbò Ìdófin ní Igbó-Ọrà, ẹni tó bá béèrè Làtíífàt lè pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò fi ilé hàn án. Ṣùgbọ́n bó bá ní Ìyá Aliyyah ẹlẹ́ja ni òun ń wá, ọmọ kékeré yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà. Ẹja inú yìnyín ni Làtíífàt ń tà, títùs àti kòtè, pẹ̀lú páńlá nígbà tó bá wọlé. Fírísà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ níwájú ilé, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́yìnkùlé fún ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá gbá páálí ẹja tó ti dì gbagidi mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹja á tú ká. Kì í jágbe mọ́ oníbàárà. Kì í dá sí ìjà àdúgbò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní onísùúrù ni, wọn ò sì parọ́.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Làtíífàt máa ń jowú. Kì í ṣe irú owú tí í mú obìnrin fa aṣọ ya mọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Tirẹ̀ dà bí ẹyin iná tí wọ́n fi eérú bò: kò rú èéfín, kò jó lala, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ ni yóò mọ̀ pé iná ni.

Àbdùlàhí ọkọ rẹ̀ ń bá káńsù ṣiṣẹ́ ní Èrúwà. Àárọ̀ ni yóò wọ takisí lọ, ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ takisí bọ̀. Bó bá ti kí ìrun Mọ̀gàríbì tán, tó jẹun tán, yóò gbé àga síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fọ àwọn àwo ẹja, yóò sì máa ròyìn ọjọ́ náà fún un. Yóò sọ ẹni tó bá ọ̀gá jiyàn ní ọ́fíìsì, yóò sọ ohun tí àwọn èrò takisí ń sọ nípa ìyàwó awakọ̀ nígbà tí awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra epo. Kì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níta. Làtíífàt nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Làtíífàt sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo àárẹ̀ ọjọ́ náà kì í jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀ bó bá ti gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ fa àga yẹn.

Ọjọ́ kan ni Àbdùlàhí dé pẹ̀lú ìwé kan lábẹ́ apá. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbó, apá kan ti ya, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì lè rí ọkùnrin òyìnbó kan lórí ẹṣin, tó dé fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, tí ìbọn wà ní ìbàdí rẹ̀.

Làtíífàt bi í pé, "Kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Ìwé ni. Ìwé kábọ́ì."

"Ẹ̀yin náà?"

Àbdùlàhí rẹ́rìn-ín. "Mo ń dúró de takisí ni mo fi ṣí i wò. Ó dùn."

Làtíífàt rò pé nǹkan ọjọ́ méjì ni. Ó ti rí i tí ọkọ rẹ̀ ra ọkọ́ tuntun pé òun fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ọkọ́ náà sì wà níbẹ̀ títí dòní, kòkòrò ò jẹ́ kó ní èèkù mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kì í ṣe ọkọ́. Àbdùlàhí bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nídìí oúnjẹ, ọwọ́ kan nínú ọbẹ̀, ọwọ́ kejì lójú ìwé. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìròyìn kankan. Bí Làtíífàt bá sọ̀rọ̀, yóò ní "hùn-ún".

"Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́."

"Kí ni mo sọ?"

Àbdùlàhí á gbójú sókè, á wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, á tún tẹrí ba sínú ìwé.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló kọ́kọ́ gún Làtíífàt lára. Ẹ̀rín kan wà tí ọkọ rẹ̀ máa ń rín látinú ikùn, tí èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ̀rín tó jẹ́ pé òun Làtíífàt ló máa ń fà á jáde. Nísinsìnyí ẹṣin òyìnbó ló ń fà á jáde. Làtíífàt fọ àwo kan lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rí i pé ó ti mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìsí ẹni tó bi í ní nǹkan kan, Àbdùlàhí pa ìwé náà dé, ó ní, "Rosaline ní Élíásì ò ní kú. Èmi ò gbà. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ ń dùn tó báyẹn, báwo ni yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn?"

Ọwọ́ Làtíífàt dúró nínú omi. "Ta ni Élíásì?"

"Inú ìwé ni. Ọ̀gá àwọn agbófinró."

"Ta ni Rosaline?"

"Ẹni tó ń ta ìwé àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ní Èrúwà. Òun ló yá mi níwèé."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ní nǹkan fi pamọ́. Bí ó bá ṣe bí ẹni tó ń kólòlò ni, Làtíífàt ì bá mọ ibi tí yóò dì í mú. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ Rosaline ò kúrò nínú ilé mọ́. Rosaline ní Wẹ́sì, ọmọ iṣẹ́ Élíásì, lójú kòkòrò. Rosaline ní òun náà rẹ́rìn-ín níbi tí ẹṣin ti jẹ fìlà adájọ́. Rosaline ní kí òun má tíì ka ojú ewé tó ń bọ̀ títí àwọn yóò fi ríra.

Làtíífàt kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ènìyàn inú ìwé kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ọkọ òun àti obìnrin kan ní Èrúwà ti ní ojúlùmọ̀ tí òun ò mọ̀. Wọ́n ń ṣàánú ẹnì kan náà, wọ́n ń bú ẹnì kan náà. Òun àti Àbdùlàhí mọ Ìyá Gáníyù aládùúgbò wọn àti awakọ̀ takisí àti ọ̀gá káńsù. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yẹn ní odindi ìlú kan láàárín ara wọn, kò sì sí ọ̀nà tí òun lè gbà wọ̀ ọ́.

Mùnírátù, tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ló sọ fún. Mùnírátù gbọ́ ọ tán, ó gé òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Obìnrin tó bá ń yá ọkọ ẹni níwèé," ni Mùnírátù wí, "ìwé nìkan kọ́ ni yóò yá a. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dé Èrúwà."

Làtíífàt ní, "Kí n wá ṣe kí ni? Kí n bá a jà nítorí ìwé?"

"Kí o lọ wo ojú rẹ̀ ná."

Ó wọ Làtíífàt létí. Ní ọjọ́ Wẹsidé, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń lọ rí àwọn tó ń kó ẹja wá láti Ìbàdàn, ó sì wọ takisí lọ sí Èrúwà. Ó dé gáréèjì ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Ó dúró lẹ́yìn obìnrin kan tó ń din dòdò, ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó sì ń wò.

Bùkà onípáánù ni ibi ìwé náà. Wọ́n to ìwé sórí tábìlì, wọ́n to òmíràn sórí àpò ìrẹsì nílẹ̀, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà níwájú. Rosaline jókòó sórí àpótí. Làtíífàt ti múra sílẹ̀ de ọmọge pupa kan tó kun ètè. Ẹni tó rí ni obìnrin gíga tó ju òun alára lọ lọ́jọ́ orí, tó wọ awò, tí irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú, tó ń jẹ ẹ̀pà. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀. Ọmọge ì bá sàn, nítorí ọmọge á dàgbà.

Àbdùlàhí dé. Kò wo ọ̀nà takisí rárá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Rosaline na ẹ̀pà sí i, ó bù ú láìwò ó, bí ẹni tó ti ń bù ú tipẹ́. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tọ́ka sí ibì kan, àwọn méjèèjì sì tẹ̀ síwájú. Wọn ò fara kanra. Àwọn èrò ń kọjá lọ, kò sí ẹni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni Àbdùlàhí rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Onídòdò bi í pé èló ni kí òun wé fún un. Làtíífàt ra dòdò tí kò fẹ́, ó wọ takisí mìíràn, ó sì dé ilé ṣáájú ọkọ rẹ̀. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó bu oúnjẹ fún un, ẹran inú rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àná.

Ní ọjọ́ Sátidé, Àbdùlàhí lọ sí oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Lanlate láti lọ bá wọn wú ẹ̀gẹ́. Ó gbàgbé ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Làtíífàt wọlé lọ mú àpò náílọ́ọ̀nù tó fẹ́ fi di ẹja, ó rí ìwé náà, ó sì jókòó tì í. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni yóò wà nínú rẹ̀, pé ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí fún ara wọn. Ó yẹ ojú ewé kan sí òmíràn, ó ń wá ọkùnrin àti obìnrin. Ohun tó rí ni eruku.

Ìlú kan ni, ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, níbi tí ọ̀nà ti parí. Odò Gbígbẹ ni orúkọ rẹ̀ já sí. Olówó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ndà, màlúù rẹ̀ ń jẹ oko olóko, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí nítorí àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé ìbọn tẹ̀ lé e. Élíásì, ọ̀gá agbófinró tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára, ló dúró lójú ọ̀nà rẹ̀, òun àti Wẹ́sì tó jẹ́ ọ̀dọ́. Làtíífàt ka ibi tí àgbẹ̀ kan ti wọ ọ́fíìsì Élíásì, tó da àgbàdo tí màlúù ti tẹ̀ fọ́ sórí tábìlì, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó mọ àgbẹ̀ náà, ó ti ta kòtè fún un rí.

Nígbà tí Làtíífàt wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ni tíṣà máa ń pè láti ka ìwé ìtàn sókè fún kíláàsì. Ohùn rẹ̀ kì í dúró gbọnrangandan lójú kan, ó máa ń yí i padà fún ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, ìyá rẹ̀ fà á wọ ìdí òwò, lẹ́yìn òwò ọkọ dé, lẹ́yìn ọkọ Aliyyah dé. Kò sí ẹni tó ní kó má kàwé mọ́. Ìwé ṣáà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí òrùka tó bọ́ sínú omi ìfọṣọ.

Nígbà tí àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn fírísà.

Àbdùlàhí wá ìwé náà títí. Ó gbọn bẹ́ẹ̀dì, ó wo abẹ́ àga, ó bi Aliyyah.

"Ìyá Aliyyah, o ò rí ìwé mi?"

"Ìwé wo?" ni Làtíífàt wí, ó ń ṣẹ́ ẹja. "Bóyá ẹ gbàgbé rẹ̀ sínú mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbdùlàhí lọ́kàn. Ó bi gbogbo awakọ̀ takisí tó mọ̀. Ojú ń tì í láti rí Rosaline, ó ń gba ẹ̀yìn gáréèjì wọ mọ́tò. Inú Làtíífàt dùn sí ìyẹn, ó sì mọ̀ pé kò dára kí inú òun dùn. Nígbà tí kò sì sí ìwé mọ́, Àbdùlàhí padà sídìí ìròyìn. Ó gbé àga síta, ó ń sọ bí ọ̀gá káńsù ṣe sùn níbi ìpàdé. Ohun tí Làtíífàt ti ń pòùngbẹ fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó sì wà níwájú rẹ̀.

"Hùn-ún," ni Làtíífàt ń dáhùn. Ọkàn rẹ̀ wà ní Odò Gbígbẹ. Wọ́n ti mú ọmọ Pẹ́ndà jù sí àtìmọ́lé, Klárà, opó tó ń ta oúnjẹ fún àwọn agbófinró, sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

Ẹ̀yìn fírísà ni Làtíífàt ti ń kà á. Oníbàárà á dúró, á wúkọ́. Ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra nítorí ìpẹ́ ẹja. Mùnírátù wá wò ó lọ́jọ́ kan, ó bi í bóyá ó ti rí àmì kankan nínú ìwé náà. Làtíífàt ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun parí orí yìí.

Ìyàlẹ́nu ńlá wà níparí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ẹjọ́ ọmọ Pẹ́ndà, Wẹ́sì dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé, ó ní kí ọmọ náà máa lọ. Élíásì dé, ó bá yàrá tó ṣófo. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìtàn ń bẹ nínú ìwé kejì.

Làtíífàt jókòó, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Kò sí ẹni tó lè bá sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ kò tíì ka ibẹ̀, kò sì lè sọ fún un láìjẹ́wọ́. Ẹni kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Ìbàràpá tó mọ ohun tí Wẹ́sì ṣe.

Nígbà tó dé Èrúwà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Rosaline nìkan ló wà ní bùkà, ó ń fi àkísà nu ìwé. Làtíífàt kí i, ó sì gbé ìwé náà sórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, èyí tó tẹ̀ lé e ni mò ń wá."

Rosaline gbé e, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò ó. "Ìwé yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin kan ló yá a lọ́wọ́ mi. Ó ní mọ́tò ló gbé e lọ."

"Mọ́tò kọ́ ló gbé e. Èmi ni. Ọkọ mi lọkùnrin náà."

Rosaline bọ́ awò rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti bẹ́ǹṣì síwájú, ó ní kí Làtíífàt jókòó.

"Ẹ̀yin ni Ìyá Aliyyah. Ó ní ẹ̀yin ò ráyè ìwé."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Làtíífàt ju gbogbo èyí tó ti ń bẹ̀rù lọ. Ó ti rò pé ọkọ òun lè bú òun fún obìnrin yìí, ó ti rò pé ó lè má dárúkọ òun rárá. Kò rò pé yóò sọ irú èyí. Ó ní, "Ó sọ bẹ́ẹ̀? Kò bi mí rí."

"Ẹ ti wá kà á tán?"

"Mo kà á tán láná."

Rosaline wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. "Kí lẹ rí sí ti Wẹ́sì? Mo ti ń wá ẹni tí mo lè bi. Lójú mi, àánú ló ṣe é. Ọmọdé ni ọmọ Pẹ́ndà, wọn ì bá so ó rọ̀."

"Àánú kọ́," ni Làtíífàt wí. "Owú ni."

"Owú wo?"

"Ẹ̀yin ò rí i ni? Klárà ń gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ náà lójoojúmọ́. Wẹ́sì ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Wọ́n ní ó máa ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ bó ti ń wọlé. Ó gbọ́ tí Klárà rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kan, kò sì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn, kò ní fẹ́ kí wọ́n so ọmọ náà rọ̀. Bí wọ́n bá so ó, Klárà á máa sunkún rẹ̀ títí ayé. Ohun tó fẹ́ ni kó kúrò nílùú, kó jìnnà, kí oúnjẹ gbígbé yẹn sì dópin."

Rosaline wọ awò rẹ̀ padà, ó wá ojú ewé náà, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbójú sókè, ojú tó fi wo Làtíífàt ti yàtọ̀.

"Mo ti ka ìwé yìí tipẹ́," ni ó wí. "Mi ò rí i." Ó tún ní, "Ìyá Aliyyah, ọkọ yín àti èmi, ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni."

"Mo mọ̀," ni Làtíífàt dáhùn. Òótọ́ ni, ó ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé náà gan-an ló ń jowú rẹ̀, kò sì sí bí yóò ti ṣàlàyé ìyẹn fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Ó gba ẹ̀pà tí Rosaline na sí i. Ó gba ìwé kejì mọ́ èkíní tí ọkọ rẹ̀ kò tíì kà tán. Nígbà tó fi máa dìde, òrùn ti ń yí.

Àbdùlàhí fi ìgboyà kọjá níwájú bùkà ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, láti lọ tọrọ àforíjì nítorí ìwé tó sọnù. Rosaline ní ìwé náà kò sọnù, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àbdùlàhí dé ilé, kò bọ́ bàtà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù tààrà. Oníbàárà méjì ló wà níbẹ̀.

"Ìyá Aliyyah, ìwé mi dà?"

Làtíífàt ń wọn ẹja. "Èwo nínú wọn?"

Àwọn oníbàárà wo ara wọn. Àbdùlàhí dúró títí wọ́n fi lọ. Ó ti pinnu láti bínú nítorí àwọn awakọ̀ takisí tó ń bi kiri, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lo sọ fún Rosaline nípa Wẹ́sì?"

"Ẹ ò tíì dé ibẹ̀. Mi ò ní bà á jẹ́ fún yín."

"Ó ní òun ò rí ẹni tí ìwé náà yé bó ṣe yé ọ. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń jókòó níbẹ̀, kò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí." Ó wá bi í pé, "O jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn?"

"Níbo ni ẹ fẹ́ kí n jókòó sí?"

Ojú Àbdùlàhí korò. Làtíífàt mọ ojú yẹn, nítorí òun náà ti ń gbé e kiri inú ilé láti ọjọ́ yìí wá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó gbádùn rẹ̀. Ó gbádùn rẹ̀ fún odindi ìrọ̀lẹ́ kan. Kó tó dọ̀la, ó ti sọ fún un pé, "Ẹ sọ fún obìnrin olóbìnrin pé mi ò ráyè ìwé."

Àbdùlàhí fọwọ́ pa orí. "Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ bi mí?"

"Mi ò bi ọ́."

Làtíífàt kò fi dandan lé e. Ó kọjú sí ìwé kejì, Àbdùlàhí sì sáré ka ìyókù ìwé kìn-ín-ní bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó kà á tán kíákíá, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ká ìyàwó rẹ̀. Bó bá gbé ìwé sílẹ̀ láti dá oníbàárà lóhùn, Àbdùlàhí á ti gbé e. Bó bá ti ilé ìwẹ̀ jáde, yóò bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ọ̀hún ti gbó tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn méjèèjì jọ dì í mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ya, ó sì di méjì. Apá àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ Làtíífàt, apá ìkẹyìn wà lọ́wọ́ Àbdùlàhí.

Àwọn ọlọ́gbọ́n á dúró de ara wọn. Ṣùgbọ́n Àbdùlàhí ní òun ò ní dúró fún ẹnì kankan, ó sì gbé apá tirẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi rú u lójú.

"Ta ni Jétírò?"

"Ẹ máa kà á lọ," ni Làtíífàt wí láti ibi tí òun náà jókòó sí.

"Wọ́n ṣáà ń dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ló ṣe?"

Làtíífàt ṣí ojú ewé tirẹ̀. Ó jẹ́ kí ó pẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n Élíásì ni. Òun ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ léṣe." Ó wá bi í ní ohùn mìíràn pé, "Klárà ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ yín?"

"Ó wà láàyè."

"Ó ṣì ń ta oúnjẹ?"

"Ó ti ta ilé oúnjẹ. Mi ò mọ ìdí rẹ̀."

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Làtíífàt wí. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún un láti ibi tí Jétírò ti wọ ìlú, ó ń yí ohùn padà fún ẹni tó ń bínú àti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àbdùlàhí pa ìwé tirẹ̀ dé, ó fi ìka há ibi tó kà dé, ó ń gbọ́.

Ẹ má rò pé owú náà tán níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí ẹja pọ̀ tí Làtíífàt kò lè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, yóò bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tí Rosaline sọ, yóò bi í bóyá wọ́n pẹ́, yóò sì wo ojú rẹ̀ dáadáa bó ti ń dáhùn. Bí òun bá sì lọ láìsọ fún Àbdùlàhí, ìyẹn náà á gbé ojú korò yẹn wálé. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé Sátidé ni kí àwọn jọ máa lọ.

Ìwé kẹta nira láti rí. Rosaline ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tà á ní Ìbàdàn, ó sì ṣèlérí pé bó bá ti dé, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fún. Sátidé tí wọ́n gbọ́ pé ó dé, Làtíífàt ti ṣọ́ọ̀bù ní kùtù, Àbdùlàhí kò lọ sí oko. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Èrúwà, wọ́n ń yára rìn, ọ̀kan ń gbìyànjú láti má fi hàn pé òun ń ṣáájú èkejì.

Bámiṣẹ́, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ ṣe lódìkejì ọ̀nà, ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ìwé tuntun wà lórí eékún rẹ̀. Rosaline tẹ̀ síwájú lórí àpótí rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibì kan, Bámiṣẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí yóò ṣubú lulẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni Rosaline wí, ojú tì í díẹ̀. "Bámiṣẹ́ ní òun fẹ́ wo ojú ewé kan péré. Ó ti wà níbí láti àárọ̀. Ó ní ọjọ́ mélòó kan ni òun máa fi kà á, mo sì ti yá a."

Wọ́n kí Bámiṣẹ́. Wọ́n ní kò burú. Wọ́n dúró díẹ̀, wọn ò jókòó, wọ́n sì padà wọ takisí.

Wọ́n ti kọjá Lanlate kí Àbdùlàhí tó ṣí ẹnu. "O rí bó ṣe ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Ó máa lo ọdún kan nídìí ìwé yẹn."

"Ọwọ́ epo ló sì fi ń ṣí i," ni Làtíífàt wí.

"Epo bíréèkì."

"Rosaline ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ohun tó ń sọ. Kí ló lè máa sọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí mo ń rò nìyẹn."

Làtíífàt wo ojú ọ̀nà, níbi tí àwọn èrò ti ń di àpò ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó ní, "Ibo ni ṣọ́ọ̀bù Bámiṣẹ́ yẹn wà gan-an? Jẹnẹrétọ̀ mi ti ń fẹ́ àtúnṣe."